Makoko: Abúlé Mẹ́fà Létí Ọ̀sà

Ó ṣeé ṣe kí ẹja yíyan tí ẹ fi se ọbẹ̀ lánàá ti Makoko wá. Bí a bá lọ sí ọjà Oyíngbò tàbí ọjà Mushin, a máa ń bi ẹlẹ́ja léèrè iye tí ẹja rẹ̀ jẹ́, a máa ń dúnàá-dúrà, a máa ń gbóòórùn ẹja náà wò, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a béèrè ẹni tí ó yan án àti irú ilé tí ó ti yan án. Ilé náà gan-an ni mo fẹ́ mú yín lọ nínú oṣù yìí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá Third Mainland tán ní ọdún 1990, kò sí ọjọ́ kan tí ọkọ̀ kì í wọ́ lọ wọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Makoko. Ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ a yọjú lójú fèrèsé, a rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, a rí èéfín tí ń rú, a rí àwọn ọmọdé tí ń tukọ̀. A mi orí, a ní, "Ìyà mà pọ̀ láyé o." Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọkọ̀ ti ń sáré lọ sí ìhà Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìmọ̀ tí púpọ̀ nínú wa ní nípa Makoko kò ju èyí lọ. Ẹni tí ó wo ìlú láti orí afárá, òrùlé ló rí, kò rí ilé. Ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá náà, kí a wọ inú ìlú lọ bí àlejò ti í wọlé.

BÍ A ṢE Ń DÉ IBẸ̀

Makoko kò jìnnà sí ibi tí ẹ mọ̀. Ó wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland, lápá Yaba. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ olókìkí tí ọ̀pọ̀ òbí ń fẹ́ kí ọmọ wọn wọ̀ kò jìnnà síbẹ̀ rárá: Queen's College tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1927, Yaba College of Technology tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, àti Yunifásítì Èkó ní Akọka, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Bí ẹ bá dúró sí etí ọ̀sà nínú ọgbà yunifásítì náà, tí ẹ kọjú sí omi, afárá ńlá ni ẹ ó rí níwájú, apá ọ̀tún yín ni Makoko sì wà. Ẹni tí ó bá ti Yaba wá yóò gba ọ̀nà Adékúnlé, yóò sì máa bọ̀ wá sí ìhà omi. Bí ọ̀nà bá ti ń fún, tí òórùn ẹja yíyan sì ń kí yín káàbọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹ ti dé nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pe Makoko ní Maroko. Ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Maroko wà ní òdìkejì omi, nítòsí Victoria Island, kí ìjọba ológun tó wó o palẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1990. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn ni kò rí ibi forí pamọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀. Mo mẹ́nu kan án nítorí pé a kò lè mọ Makoko dáadáa bí a kò bá mọ irú ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń rántí nígbàkígbà tí wọ́n bá rí katakata níbi tí ilẹ̀ ti pàdé omi.

ABÚLÉ MẸ́FÀ, BAÁLẸ̀ MẸ́FÀ

Orúkọ kan ni a fi ń pe ibẹ̀, ṣùgbọ́n abúlé mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀: Oko Àgbọn, Adogbo, Migbewhe, Yanshiwhe, Sogunro àti Apollo. Mẹ́rin àkọ́kọ́ wà lórí omi, méjì ìkẹyìn sì wà lórí ilẹ̀. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní baálẹ̀ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ náà ni a sì ti ń parí ìjà tọkọtaya, ìjà ààlà, àti ìjà àwọ̀n tí ó já. Àwọn kan sọ pé ara igi akòko, tí a ń fi ewé rẹ̀ jẹ oyè, ni orúkọ Makoko ti wá. Orúkọ Oko Àgbọn kò nílò ìtúmọ̀ fún ọmọ Yorùbá. Ní ti Migbewhe àti Yanshiwhe, ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Ẹ̀gùn díẹ̀ yóò mọ̀ pé "whe" ni wọ́n ń pe ilé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kékeré yìí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé lórí.

Àwọn apẹja Ẹ̀gùn láti ìhà Àgbádárìgì àti láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ó tẹ ibẹ̀ dó, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn Ìlàjẹ tí omi kò ṣàjèjì sí náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn Yorùbá mìíràn àti àwọn ẹ̀yà yòókù. Nítorí náà, ọmọ Makoko kan lè sọ Ẹ̀gùn nínú ilé, kí ó sọ Yorùbá lọ́jà, kí ó ka Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé, kí ó sì fi Faransé kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó ti Kútọnu wá. Bí wọ́n bá kí yín ní "kuabo", ẹ má bẹ̀rù. "Ẹ kú àbọ̀" tiwa ni ó ń dún létí yín yẹn. Ẹ̀gùn àti Yorùbá ti ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn, ọjọ́ ti pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Makoko ń bẹ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ganvié ni orúkọ rẹ̀, orí adágún Nokoué ni ó wà, nítòsí Kútọnu. Ìtàn sọ pé nígbà òwò ẹrú, tí àwọn jagunjagun Dàhòmì ń kó ènìyàn, àwọn Tofinu sá lọ sórí omi, wọ́n ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́lé sórí rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń lé wọn kò jẹ́ bá wọn débẹ̀. Ibi ìsádi ni ilé orí omi jẹ́ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí, àwọn òyìnbó ń sanwó kí a tó fi ọkọ̀ gbé wọn yí Ganvié ká, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sì ń fi ìlú náà yangàn. Irú ilé kan náà, irú ọkọ̀ kan náà, irú ìyá kan náà ni ó wà ní Makoko. Ṣùgbọ́n ojú tí a fi ń wò wọ́n yàtọ̀.

Ohun mìíràn tí àlejò kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ìjọ. Wòlíì Samuel Oshoffa, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ káfíńtà rí, dá ìjọ Celestial sílẹ̀ ní Porto-Novo, èyí tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, ní ọdún 1947. Ẹsẹ̀ àwọn apẹja ni ó gbé ìjọ náà dé Makoko ní nǹkan bí ọdún 1950, láti ibẹ̀ ni ó sì ti gbilẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Nígbà tí ẹ bá tún rí ẹni tí ó wọ aṣọ funfun tí kò wọ bàtà, tí ó ń lọ sí ilé ìsìn ní Ìbàdàn tàbí ní Iléṣà, ẹ rántí pé orí ọkọ̀ ẹja ni ọ̀nà rẹ̀ gbà wọ ilẹ̀ wa.

ILÉ TÍ Ó NÍ ẸSẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ wàyí. Ọkọ̀ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹni tí ń tù ú a máa fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ omi níbi tí kò jìn, a sì mú àjẹ̀ níbi tí ó jìn. Ojú omi ni títì wọn. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé níbi tí ó fún, ọ̀kan a fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a kí ara wọn, wọn a sì kọjá. Inú ọkọ̀ ni ìyá olóúnjẹ ti ń bu ìrẹsì, inú ọkọ̀ ni a ti ń ta ata àti tòmátì, inú ọkọ̀ ni a ti ń ta ọṣẹ, kẹrosíìnì àti omi mímu. Ìyàwó ilé kò ní láti jáde lọ sọ́jà. Ọjà ni ó ń bọ̀ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé fúnra rẹ̀ dúró lórí òpó igi tí a rì mọ́ ẹrẹ̀. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, pákó ni ara ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé. Omi a máa jẹ òpó, nítorí náà baálé ilé a máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilé má bàa dà. Ó dára kí àwa tí ń gbé ilé síméǹtì ronú sí èyí: ní Makoko, títún ilé ṣe kì í dúró de ọdún Kérésì.

Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ilé ìdáná tí ó tò ni èyí tí ọwọ́ ti lè kan ohun gbogbo láìrìn púpọ̀. Àwọn ìyá Makoko mọ̀ ọ́n láìwọ kíláàsì. Yàrá wọn kéré, omi sì wà lábẹ́ ilẹ̀ pákó. Ohun tí ó bá bọ́ nínú àlàfo pákó, ó di ti ọ̀sà. Nítorí náà ni a fi ń so ìkòkò àti abọ́ rọ̀, tí a ń ká ẹní ní òwúrọ̀, tí ohun gbogbo sì ní àyè tirẹ̀. Ìyá tí ilé rẹ̀ jẹ́ yàrá kan péré ní Mushin tàbí ní Ṣómólú lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú èyí.

Kí n má ṣe bò yín lójú: omi tí ó yí wọn ká kò dára. Ìdọ̀tí láti apá púpọ̀ nínú Èkó ń ṣàn wọ inú ọ̀sà náà, ọ̀pọ̀ ilé ìyàgbẹ́ wọn sì ṣí sí inú omi kan náà. Omi là bù wẹ̀, omi là bù mu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ní Makoko omi tí a bù mu, owó ni a fi rà á. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi kànga ẹ̀rọ sínú kẹ́ẹ̀gì, tí ọkọ̀ sì ń gbé e kiri. Ìyá tí ó ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì mọ iye tí ife kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ó mọ èyí tí a fi fọ ìrẹsì tí a kò ní dànù, nítorí pé ó tún lè fọ abọ́.

OWÓ ỌKỌ, OWÓ AYA

Ọ̀ràn kan wà tí inú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó yóò dùn láti gbọ́. Ní Ganvié àti láàárín ọ̀pọ̀ apẹja ìhà tiwọn, ọkọ ni ó ń pẹja, aya ni ó sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé: ó ń rà á ni. Ọkọ a ti ojú omi dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, aya a wo ẹja, wọn a díye lé e, aya a sì mọ̀ pé gbèsè ni òun jẹ títí tí òun yóò fi tà á. Èrè orí rẹ̀, ti aya ni. Nínú èrè náà ni ó ti ń bọ́ ọmọ, tí ó ti ń dá èsúsú, tí ó sì ti ń san owó ilé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré wò ó. Ká ní ìyá kan ra ẹja ₦40,000. Ó ra igi ìdáná ₦4,000, ó san ₦1,500 fún ọkọ̀, ó sì ra iyọ̀ àti bébà ₦500. Gbogbo rẹ̀ di ₦46,000. Bí ó bá ta ẹja náà ní ₦55,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦9,000. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú ẹja ₦2,000 nínú rẹ̀ se ọbẹ̀ tí kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, yóò rò pé ọjà kò tà ni. Ìyá tí ó mòye a máa "ra" ẹja náà lọ́wọ́ òwò rẹ̀, a sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó oúnjẹ. Kí owó òwò dá dúró, kí owó oúnjẹ dá dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ tàbí tí ẹ ń rán aṣọ nílé, ìlànà yìí bá iṣẹ́ tiyín mu pẹ̀lú.

ẸJA YÍYAN

Ẹja inú ọ̀sà tí a ń rí níbẹ̀ ni èpìyà, obọ́kún, akàn àti edé. Ṣùgbọ́n nítorí ìdọ̀tí omi àti àwọn ẹ̀rọ tí ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà, ẹja kò pọ̀ mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń ra ẹja òkun oníyìnyín, bíi ṣáwá, ní ilé ìtọ́jú ẹja tútù. Ọjà Asejere, ní Makoko kan náà, jẹ́ ọ̀kan nínú ọjà ẹja tí ó lókìkí jù ní Èkó. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ síbẹ̀.

Bí ẹja bá délé, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a fi iyọ̀ sí i, wọn a sì ká a kí ìrù kan orí. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń wí pé ẹja tútù ni a ń ká, gbígbẹ kò ṣeé ká. Orí àwọ̀n wáyà tí a tẹ́ sórí àgbá irin ni wọ́n ń to ẹja sí. Iná tí ó le ni a kọ́kọ́ ń dá kí ẹja lè jinná, lẹ́yìn náà a ó bu iyẹ̀ pákó lé iná kí èéfín máa fà á gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ pípẹ́ ni ibi ìlapákó Òkóbàbá tí ó wà ní Ẹ̀búté Mẹ́tta tẹ́lẹ̀ fi pèsè iyẹ̀ náà fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ohun tí ayùn sọ nù ni ìyá ẹlẹ́ja fi ń jẹun.

Èéfín yìí ni ó ń bà mí nínú jẹ́. Obìnrin tí ó ń fẹ́ná láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, èéfín ń wọ ojú rẹ̀, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì ń wọ ti ọmọ náà pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n tí ó dára wà ní ìtòsí. Ní Chorkor, abúlé apẹja kan ní Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn obìnrin ibẹ̀, àwọn olùwádìí Gánà àti àjọ àgbáyé fún oúnjẹ jọ ṣe ààrò kan ní nǹkan bí ọdún 1970. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n to pẹpẹ oníwáyà lé ara wọn lórí rẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Igi díẹ̀ ni ó ń jẹ, èéfín rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àgbá, ẹja púpọ̀ sì ń gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ abúlé náà ni gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi ń pe ààrò náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan ẹja nílé, ẹ yan án níta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ dúró níbi tí èéfín kò kọjú sí, kí ẹ sì gbé ọmọ fún ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá lọ ra ẹja yíyan, ẹ wo nǹkan mẹ́rin. Ìkíní, kí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, kí ó má ṣe jóná lójú kan kí ó tutù lójú kejì. Ìkejì, kí ẹ tẹ ikùn rẹ̀. Bí ó bá rọ̀, inú rẹ̀ kò gbẹ. Ìkẹta, kí ẹ wò ó bóyá ihò kéékèèké tàbí ìyẹ̀fun wà lára rẹ̀, nítorí pé kòkòrò ti wọ ọ́ nìyẹn. Ìkẹrin, ẹja tí ó ti bu, ẹ má ṣe gbà á bí wọ́n tilẹ̀ fi ṣe èènì. Bí ẹ bá délé, ẹ tún un yá lórí iná, ẹ tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ bébà sí, kí afẹ́fẹ́ lè máa kan án. Ẹ má ṣe fún oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ láé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́.

ỌMỌ TÍTỌ́ LÓRÍ OMI

Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, ẹ̀yìn ìyá ni àyè rẹ̀. Bí ó bá ti ń dàgbà, a ó kọ́ ọ ní ìwẹ̀dò àti ọkọ̀ títù kí a tó kọ́ ọ ní ìwé, nítorí pé ìwẹ̀dò ni ààbò tí kò ṣeé gbàgbé sílé. Ẹ ó rí ọmọdé tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ tí ń tu àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Ẹnu a máa yà wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa náà ń dá kọjá títì tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan ń fi ewu ibi tí ó ń gbé kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́gbọ́n.

Ilé ìwé kan wà tí ó sọ Makoko di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ayàwòrán-ilé Kúnlé Adéyẹmí ni ó yà á, a sì parí rẹ̀ ní ọdún 2013. Ilé alájà mẹ́ta ni, igi àti ọparun ni a fi kọ́ ọ, ó léfòó lórí àgbá oníke 256, bí omi bá kún a bá omi gòkè. Àwọn ará òkèèrè wá wò ó, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì yìn ín. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn òjò ńlá, ilé náà wó. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọmọ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. A ti kọ́ irú rẹ̀ ní Venice ní Ítálì àti ní Mindelo ní Cape Verde. Àwọn ọmọ Makoko ní tiwọn padà sí àwọn ilé ìwé pákó tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń fi ohun díẹ̀ ṣe ohun púpọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ohun tí a bá kọ́ fún ọmọ, kíkọ́ rẹ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí yóò máa pààrọ̀ òpó rẹ̀ ṣe pàtàkì bí ẹni tí ó kọ́ ọ.

ẸRÙ TÍ WỌ́N Ń BÁ SÙN

Mo ti sọ̀rọ̀ nípa òpó tí omi ń jẹ. Ewu kan wà tí ó ju omi lọ. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn tí ń gbé etí omi Makoko ní wákàtí 72 láti kó jáde. Ohun tí ìjọba wí ni pé ilé wọn ti sún mọ́ afárá ńlá àti wáyà iná alágbára jù, àti pé àyíká náà kò bójú mu. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrìndínlógún, àwọn òṣìṣẹ́ gbé ayùn àti àáké wọ inú omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn òpó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò nílé mọ́. Ìbọn pa ọ̀kan nínú àwọn baálẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹrin ọdún 2017, ó kan Otodo Gbame, abúlé apẹja Ẹ̀gùn mìíràn ní ìhà Lẹ́kí, wọ́n sì wó o tán pátápátá. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ ní ọdún 2017 kan náà pé lílé ènìyàn láìpèsè ibi tí wọn yóò kó lọ jẹ́ ìwà ìkà. Ọ̀rọ̀ ìwólulẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní.

Èmi kò sọ pé kò sí ewu lábẹ́ wáyà iná, n kò sì sọ pé omi ẹlẹ́gbin dára fún ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ilé, ẹ bá mi ronú sí ohun tí a ń wó nígbà tí a bá wó ilé kan. Àgbá tí ìyá fi ń yan ẹja lọ. Àwọn oníbàárà tí ó mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ èsúsú tí ó ti dáwó sí fún oṣù mẹ́jọ túká. Ọmọ kúrò ní ilé ìwé. Ọkọ tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju àwọ̀n lọ wá di ẹni tí ń jókòó sábẹ́ afárá. Páànù àti pákó kò níye lórí lójú ẹni tí ń kọjá, ṣùgbọ́n ìlànà tí ìyá fi ogún ọdún tò kò ṣeé kó sínú ọkọ̀ láàárín wákàtí 72.

Àwọn ará ìlú kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2014, àwọn àti àwọn onímọ̀ tí ó gbè wọ́n lẹ́yìn gbé ètò àtúnṣe etí omi Makoko àti Ìwáyà kalẹ̀, láti fi hàn pé a lè tún ibẹ̀ ṣe láìlé àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Láti ọdún 2019, wọ́n tún ṣe ohun kan tí ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Makoko kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí kò ṣe bí ojú omi òfìfo. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú, tí ọ̀dọ́bìnrin wà lára wọn, kọ́ bí a ṣe ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré aláìlẹ́nìyàn ya àwòrán láti òkè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà omi, ilé àti ilé ìwé wọn sórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Ibi tí ó ní orúkọ, tí ó ní ojú ọ̀nà, tí ó ní iye ilé, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé kò sí ẹnìkan níbẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ LỌ

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ mú ọmọ ìlú kan dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ kí baálẹ̀. Ẹ dúnàá-dúrà owó ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sí àárín ọkọ̀, ẹ má dìde, ẹ má sì fi ọwọ́ wẹ̀ nínú omi. Ẹ má ṣe ya àwòrán ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú tàbí tí ń wẹ̀; bí ẹ bá fẹ́ ya ẹnikẹ́ni, ẹ tọrọ àyè. Ẹnu ọ̀nà ilé onílé ni ẹ wà. Bí wọ́n bá fi ẹja lọ̀ yín, ẹ rà á, kí ẹ má sì fi ìdúnàá-dúrà gba èrè ọmọ lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ráyè lọ, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe. Nígbà tí ẹ bá tún ra ẹja yíyan, ẹ bi ẹlẹ́ja léèrè ibi tí ó ti rà á. Bí ó bá ní Makoko ni, ẹ pe orúkọ náà fún àwọn ọmọ yín nídìí oúnjẹ, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ìyá kan ń bẹ lórí omi tí ń bọ́ Èkó. Bí wọ́n bá sì ń jíròrò níjọ yín, nínú ẹgbẹ́ yín tàbí níwájú káńsẹ́lọ̀ yín nípa ibi tí ó yẹ kí a wó àti ibi tí ó yẹ kí a tún ṣe, ẹ jẹ́ kí ohùn yín dún pé bí àwọn ènìyàn yóò bá ṣí kúrò, kí a kọ́kọ́ pèsè ibi tí àwọ̀n àti ààrò wọn yóò ti lè ṣiṣẹ́, kí a sì pe àwọn obìnrin wọn sí ìjókòó ìpinnu náà.

Ilé làbọ̀sinmi oko. Ẹni tí oko rẹ̀ jẹ́ omi, omi náà ni ilé rẹ̀ yóò sún mọ́.